Ìgbà tó yẹ kí á lọ́ igi eléso àti àjàrà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí oòrùn bá ti yọjú fún ọjọ́ méjì ní ìparí oṣù kejì báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn wa tó ní ọgbà ní Kent, Essex àti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù máa ń bi ara wọn: ṣé ó ti tó àkókò láti lọ́ ápù, ìyẹn ni pé kí á gé ẹ̀ka igi kan, kí á so ó mọ́ igi mìíràn tó ní gbòǹgbò, kí méjèèjì di igi kan? Ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà dáhùn lè rí i ṣe lọ́dún kan, kí gbogbo rẹ̀ gbẹ dànù lọ́dún kejì. Igi ni kí á bi. Ohun méjì la fẹ́ mọ̀ lára rẹ̀: pé ẹ̀ka tí a fẹ́ lọ́ ṣì ń sùn, àti pé igi ìsàlẹ̀ tí a fẹ́ lọ́ ọ mọ́, èyí tó ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, ti jí. Tí méjèèjì bá ṣe rẹ́gí, tí ojú ọjọ́ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀bẹ tó mú nìkan ló kù.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọsàn ní Ìbàdàn, bóyá ní NIHORT, ibùdó ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tó wà ní Ìdí-Iṣin, ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nílé, òjò là ń wò. Níbí, ooru là ń wò.

Ìdí tí ọ̀kan fi ní láti sùn, kí èkejì sì jí

Lábẹ́ èèpo igi, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ní àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni igi ti ń sanra. Bí a bá gé ẹ̀ka, tí a gé igi ìsàlẹ̀, tí a sì fi awọ ti ọ̀kan kan awọ ti èkejì, ojú ọgbẹ́ méjèèjì á hu ẹran tuntun, ẹran náà á so pọ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè gba mẹ́fà. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀ka náà kò ní gbòǹgbò, kò rí omi mu, oúnjẹ tó ti tọ́jú sínú ara láti ọdún tó kọjá ló ń jẹ. Tí ojú rẹ̀, ibi tí ewé ti ń rú, bá ti là kí á tó lọ́ ọ, ewé á yọ, ewé á máa fa omi tí kò sí, ẹ̀ka á sì gbẹ kí ọgbẹ́ tó jinná. Igi ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn, torí òun ló ní omi àti agbára tí ọgbẹ́ fi máa hu ẹran.

Ẹnìkan lè ní kí ló dé tí a ò kàn gbin kóró. Kóró ápù kì í bí ìyá rẹ̀. Bramley tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe páì, ara igi kan ṣoṣo ló ti wá, èyí tí ọmọbìnrin kan, Mary Ann Brailsford, gbin kóró rẹ̀ ní Southwell, ní Nottinghamshire, ní 1809. Gbogbo Bramley tó kù láyé, ẹ̀ka ló bí wọn.

Ẹ gé ẹ̀ka nínú òtútù

Iṣẹ́ ìgbà ìrúwé yìí, inú òtútù ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ́rì àti plọ́ọ̀mù ló ń kọ́kọ́ jí, nítorí náà, láàárín oṣù kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni kí ẹ ti gé tiwọn. Ẹ mú ẹ̀ka kékeré, ẹ sì fi ìda dí ojú ibi tí ẹ gé, torí àrùn máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọ inú plọ́ọ̀mù àti ṣẹ́rì nígbà òtútù. Ápù àti píà lè dúró di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Píà tí mò ń wí ni ti àwọn òyìnbó o, kì í ṣe èyí tí à ń fi jẹ búrẹ́dì nílé. Ti àjàrà, oṣù kìíní ni, nígbà tí ẹ bá ń rẹ́ ẹ lọ́wọ́. Tí omi bá ti ń kán lójú ibi tí ẹ gé, ẹ ti pẹ́ jù.

Ẹ̀ka tó dáa ni èyí tó hù lọ́dún tó kọjá, tó gbó, tó sì sanra tó pẹ́ńsùlù. Ojú tó pẹlẹbẹ, tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ka, ewé ló wà nínú rẹ̀, òun la fẹ́. Ojú tó sanra, tó rí roboto, òdòdó ló wà níbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gé orí ẹ̀ka tí kò gbó dànù, ẹ má sì gé ohunkóhun lọ́jọ́ tí yìnyín bá bo igi.

Ẹ rẹ ìwé ìròyìn sínú omi, ẹ fún un gbẹ títí kò fi ní kán mọ́, ẹ fi wé ẹ̀ka yín, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ kọ orúkọ igi àti ọjọ́ sí i lára. Orúkọ yẹn ṣe pàtàkì: tó bá di oṣù kẹrin, gbogbo ẹ̀ka á jọra. Inú fíríìjì ló ń lọ, ní 1°C sí 4°C, kì í ṣe inú ibi tó ń sọ omi di yìnyín. Fíríìjì náà kò sì gbọ́dọ̀ ní èso nínú. Ápù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́tílìnì sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí sì lè pa ojú ẹ̀ka láìjẹ́ pé ohunkóhun hàn lára èèpo rẹ̀. Mo rò pé èyí ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn máa ń dá ọwọ́ ara wọn lẹ́bi fún. Bí fíríìjì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ bá ìyàwó tàbí ọkọ yín sọ ọ́ yanjú. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ ri ẹ̀ka náà mọ́ inú yanrìn tútù lẹ́yìn ògiri tí oòrùn kì í dé.

Kí ẹ tó lò ó nígbà ìrúwé, ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Tí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé tútù, ó wà láàyè. Tó bá ti dúdú tàbí tó gbẹ, ẹ jù ú nù, ẹ má fi àánú lọ́ ọ.

Igi ìsàlẹ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ibùdó ìwádìí East Malling ní Kent, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913, ló to igi ìsàlẹ̀ ápù lẹ́sẹẹsẹ, tó sì fún wọn ní nọ́ńbà tí ayé ń lò títí dòní. M9 kì í ga, àmọ́ òpó ni yóò máa gbé e dúró títí ọjọ́ ayé rẹ̀. MM106 ló bá ọgbà àárín mu. M25 máa ń di igi ńlá, ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Píà ń jókòó sórí Quince A, plọ́ọ̀mù sórí St Julien A, ṣẹ́rì sórí Colt tàbí Gisela 5.

Ohun tó kan àkókò níbẹ̀ ni èyí: igi ìsàlẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn nígbà òtútù máa ń pẹ́ jí ju èyí tó ti lo ọdún kan nínú ilẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní oríṣi méjèèjì nínú ọgbà, ẹ má lọ́ wọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára àgbà.

Bí a ṣe ń ka ojú igi

Ojú igi ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ wú. Èèpo tó bo ojú náà á là, ṣóńṣó ewé á yọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ewé kékeré á jáde, á rí bí etí eku. Láti wíwú ojú títí dé etí eku yìí ni àyè wà fún lílọ́ oníahọ́n, níbi tí a ti ń gé ẹ̀ka àti igi ìsàlẹ̀ tó sanra bákan náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èèpo kò tíì ní láti ṣí fún èyí, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣáájú.

Ẹ wo ìròyìn ojú ọjọ́ pẹ̀lú. Ápù àti píà lè máa hu ẹran wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ooru bá fi díẹ̀ lé 4°C, ṣùgbọ́n láàárín 10°C sí 20°C ni iṣẹ́ ń lọ geere. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí ọ̀sán rẹ̀ á gòkè tó báyìí, tí òru rẹ̀ ò sì ní di yìnyín, ni kí ẹ máa retí. Ọjọ́ tí ìkùukùu bò, tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, sàn ju ọjọ́ olóòrùn tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fẹ́ láti ìlà oòrùn lọ. Ojú ọgbẹ́ kì í fẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe sábà máa ń rí nìyí: ṣẹ́rì àti plọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé àárín oṣù kẹta; píà lẹ́yìn wọn; ápù láti ìparí oṣù kẹta títí dé àárín oṣù kẹrin. Ẹni tó wà ní Scotland á fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kún un. Àwọn ará wa ní Houston á ti parí tiwọn kí ti Chicago tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àfojúsùn lásán nìyẹn. Igi kan tó wà lẹ́bàá ògiri tó kọjú sí oòrùn lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbi tí òtútù ń rọ́ sí, nínú ọgbà kan náà.

Píìṣì àti àpíríkọ́ọ̀tì ń fẹ́ ooru ju èyí tí ìgbà ìrúwé ibí ń fúnni lọ. Ní tèmi, mi ò ní lọ́ wọn nígbà yìí rárá. Oṣù keje sí ìkẹjọ ni tiwọn, ojú kan ṣoṣo ni a sì ń lọ́.

Gígé rẹ̀

Ẹ fi sípírítì nu ọ̀bẹ. Ẹ gé igi ìsàlẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ojú ibi tí ẹ gé gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọ̀bẹ má dúró lójú ọ̀nà. Ẹ gé ìdí ẹ̀ka bákan náà. Ẹ gbé méjèèjì pọ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba àárín wọn kọjá, ẹ tún un gé. Ẹ wá la ahọ́n kékeré sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìdá kan nínú mẹ́ta láti ṣóńṣó rẹ̀, kí ahọ́n lè gbé ahọ́n mì, kí ẹ̀ka má yẹ̀. Bí ẹ̀ka bá tín-ín-rín ju igi ìsàlẹ̀ lọ, ẹ má gbé e sí àárín. Ẹ sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí awọ tútù fi kan awọ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ó kéré tán. Ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó lórí ẹ̀ka. Ẹ fi téèpù dè é pinpin láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ fi ìda dí orí ẹ̀ka, torí ibẹ̀ náà ni omi ti ń sá lọ.

Igi àgbà tí ẹ fẹ́ yí èso rẹ̀ padà kì í ṣe oníahọ́n. Abẹ́ èèpo la ń lọ́ ọ sí, ó sì ní àkókò tirẹ̀, nítorí èèpo gbọ́dọ̀ ti ṣí kúrò lára igi. Ìyẹn sábà máa ń jẹ́ láti àárín oṣù kẹrin wọ oṣù karùn-ún, nígbà tí ápù fẹ́rẹ̀ẹ́ tanná tàbí tó ti ń tanná. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la èèpo ẹ̀ka kan tí ẹ kò nílò, kó gùn tó oríkèé ìka kan, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbé etí rẹ̀ sókè. Tó bá ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, tí igi abẹ́ rẹ̀ funfun, tó ń dán, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ti tó. Tó bá ń ya, tí fọ́nrán igi ń bá a jáde, ẹ padà sílé, ẹ tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Fún irú igi yìí, nígbà òtútù ni ẹ ti máa gé àwọn apá ńlá rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi kùkùté sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ máa lọ́ ọ ni ẹ tó gé kùkùté náà padà díẹ̀, kí ojú rẹ̀ tutù. Ẹ̀ka méjì dé mẹ́rin lè wọ abẹ́ èèpo kùkùté kan. Ẹ má gé gbogbo apá igi náà tán. Ẹ dá ọ̀kan tàbí méjì sí títí di ọdún kejì, kó máa fa omi lọ sókè, kí igi má baà kú ikú òjijì.

Àjàrà

Àjàrà yí gbogbo òfin yìí padà. Ẹni tó bá lọ́ àjàrà bó ṣe lọ́ ápù, lọ́jọ́ tó lọ́ ápù, omi ni yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, gbòǹgbò àjàrà máa ń ti omi sókè pẹ̀lú agbára kí ewé kankan tó yọ. Ibikíbi tí ọ̀bẹ bá kàn, omi á máa kán tó-tó-tó, nígbà mìíràn fún ọjọ́ púpọ̀. Kíkán yìí kì í sábà pa àjàrà fúnra rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Àmọ́ ẹ̀ka tí ẹ lọ́ sórí rẹ̀ á léfòó nínú omi, ojú ọgbẹ́ kò ní lè so pọ̀. Èkejì ni ooru. Níbi tí ápù ti ń ṣiṣẹ́ ní 10°C, àjàrà kò tíì múra. Ó ń fẹ́ 24°C sí 27°C. Tó bá lọ sísàlẹ̀ 20°C, ó ń wọ́. Ní 15°C, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Tó bá sì kọjá 29°C, ẹran tó máa hù á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, á máa já tí ẹ bá gbé e.

Ìgbà wo ni ìta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbóná tó 24°C lóṣù kẹta? Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta àjàrà fi ń lọ́ ọ nínú ilé, lórí tábìlì, lóṣù kejì sí ìkẹta.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ nílò rẹ̀ rárá. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera, tó ń jẹ gbòǹgbò àjàrà, ló sọ lílọ́ di dandan ní Yúróòpù. Láti Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní 1863, ọ̀jọ̀gbọ́n Westwood gba ewé àjàrà tó ní kòkòrò náà lára láti ilé gíláàsì kan ní Hammersmith, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ní 1868, Planchon, onímọ̀ nípa ewéko, rí i lára gbòǹgbò àjàrà tó ń kú ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Oògùn kankan ò yanjú rẹ̀ pátápátá. Ohun tó gba àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ ni pé wọ́n lọ́ àjàrà wọn sórí gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, èyí tí kòkòrò náà ń bù jẹ tí kì í kú. Ẹni tó bá fẹ́ gbin oko àjàrà, kó ra èyí tí wọ́n ti lọ́. Ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan lára ògiri ilé rẹ̀, ọ̀pá tó gé lóṣù kìíní, tó sì kì bọ inú ilẹ̀, á ta gbòǹgbò fúnra rẹ̀. Àjàrà ńlá tó wà ní ààfin Hampton Court, tí wọ́n gbìn ní 1768, tó sì ń so títí dòní, ọ̀pá kékeré tí wọ́n gé ní Valentines, ní Ilford, ni. Àwọn ará wa tó wà ní Ilford, ẹ̀yìnkùlé yín ló ti jáde lọ.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ́ ọ, ọ̀nà ti inú ilé nìyí. Ẹ mú ọ̀pá igi ìsàlẹ̀ tó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gé gbogbo ojú ara rẹ̀ kúrò kó má baà rú láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀ka tẹ́ ẹ máa lọ́ sórí rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló nílò. Ẹ lọ́ ọ ní oníahọ́n, ẹ ri orí rẹ̀ bọ ìda tó yọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ìda náà má gbóná jù. Ẹ tò wọ́n ní òró sínú àpótí, ẹ fi èérún pákó tútù yí wọn ká dé òkè ibi tí wọ́n ti so pọ̀, ẹ gbé àpótí náà sórí mátì oníná tí àwọn olóko fi ń mú kóró hù. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru há àárín èérún pákó náà, torí ooru yàrá kọ́ là ń wọ̀n. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ máa rí òrùka ẹran funfun yí ibi ìsopọ̀ ká. Tí òrùka náà bá pé, ẹ mú un jáde díẹ̀díẹ̀ sí ibi tó tutù ju ibẹ̀ lọ, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò. Kò gbọ́dọ̀ dé ìta kí yìnyín tó tán pátápátá, èyí tó túmọ̀ sí ìparí oṣù karùn-ún ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ibẹ̀ kí ẹ tó mọ ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lọ́ ọ lóṣù kìíní á ní ewé rẹpẹtẹ lóṣù kẹta tí kò ní ibi tó máa gbé e sí.

Ti àjàrà àgbà tó ti wà nílẹ̀, ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí àwọn àjàrà tó kù nínú ọgbà yọ ọ̀mùnú tó gùn tó ìka, ìyẹn sábà máa ń jẹ́ oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ gé orí èyí tí ẹ fẹ́ lọ́, kí omi rẹ̀ kán. Ẹ tún fi ayùn ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀, kí omi lè máa gba ibẹ̀ jáde dípò kó gòkè. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa lọ́ ọ, ẹ gé orí rẹ̀ padà díẹ̀. Tí ojú rẹ̀ bá ṣì ń kún fún omi, ẹ dúró. Ẹ̀ka tó wà nínú fíríìjì ṣì ń sùn, kò sí ohun tó ń lé yín.

Lẹ́yìn tí a bá ti lọ́ ọ

Ojú ẹ̀ka lè là láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má tíì pe àwọn èèyàn wá wò ó: oúnjẹ tó wà nínú ara rẹ̀ ló ń jẹ. Nígbà tí ewé kẹrin tàbí ìkarùn-ún bá jáde tí kò rọ, ìgbà yẹn ni omi ti ń dé láti ìsàlẹ̀. Ohunkóhun tó bá rú lábẹ́ ibi ìsopọ̀, ẹ máa fi ọwọ́ yọ ọ́ nígbà tó ṣì rọ̀. Ẹyẹ fẹ́ràn láti bà lé ẹ̀ka tuntun. Ẹ ki ọ̀pá tó ga jù ú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó bà lé ìyẹn. Yìnyín oṣù karùn-ún ń bọ̀ lóru nígbà tí èèyàn ò retí rẹ̀, ẹ ní aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nílé tí ẹ lè dà bò ó. Tó bá di àárín ìgbà ooru, ẹ wo téèpù: tó bá ti ń wọ èèpo lára, ẹ fi ọ̀bẹ là á lẹ́yìn.

Bí ó bá kú, tí igi ìsàlẹ̀ sì wà láàyè, ẹ má fà á tu. Ẹ yan ọ̀mùnú kan tó lágbára jù lára èyí tó rú láti ìsàlẹ̀, ẹ gé ìyókù, ẹ jẹ́ kó dàgbà. Lóṣù kẹjọ, ẹ gé ojú kan ṣoṣo pẹ̀lú ìbẹ́ igi kékeré lára ẹ̀ka ọdún yẹn, ẹ lọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀mùnú náà, ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, ẹ dè é. Kò ní rú títí ọdún tuntun. Lóṣù kejì, ẹ gé igi ìsàlẹ̀ kúrò lókè ojú náà.